Yàrá Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Kan ní Yaba: Wọ́n Ń Béèrè Kí Wọ́n Tó Gún Abẹ́rẹ́

Yàrá àyẹ̀wò kan wà ní Yaba, tí kò jìnnà sí ọjà Tejúoṣó, tí mo fẹ́ kí ẹni tí dókítà bá ní kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò họ́mọ́ònù kọ́kọ́ yà sí. Nígbà tí mo sin ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ síbẹ̀, nítorí pé iye sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wọn ń rú dókítà lójú, ọ̀dọ́bìnrin tí ó gbà wá kọ́kọ́ béèrè pé: “Mà, ṣé ẹ ń lo oògùn ásímà tàbí ti oríkèé ríro? Irú ìpara wo ni ẹ fi ń para?” Ẹ̀gbọ́n mi dárúkọ ìpara wọn, ó sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.

Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Inú mùdùnmúdùn egungun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbógun ti àrùn ti ń ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T ní láti kọjá sínú thymus, ẹ̀yà ara kékeré kan lẹ́yìn egungun àyà, kí wọ́n tó gbó, kí wọ́n sì mọ ohun àjèjì yàtọ̀ sí ara fúnra rẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jacques Miller ni ó fi iṣẹ́ thymus yìí hàn ní 1961. Cortisol, họ́mọ́ònù tí ń wá láti orí kíndìnrín, lè pa ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì T tí kò tíì gbó níbẹ̀. Bí ó bá pọ̀ lára, àwọn lymphocyte inú ẹ̀jẹ̀ (irú sẹ́ẹ̀lì funfun tí sẹ́ẹ̀lì T wà lára wọn) a dín kù, neutrophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun mìíràn, a sì pọ̀ sí i. Họ́mọ́ònù ìbàlágà náà a máa mú kí thymus súnkì. Nítorí náà, ẹni tí ó ń lo sítẹ́rọ́ìdì, ìyẹn oògùn tí ń ṣiṣẹ́ bíi cortisol, ìbáà jẹ́ prednisolone tí wọ́n ń lò fún ásímà àti oríkèé ríro, tàbí ìpara abóra tí clobetasol wà nínú rẹ̀ (irú èyí tí ó kún ọjà wa, tí ó sì ń bà mí nínú jẹ́), lè gba èsì tí yóò ṣi dókítà lọ́nà bí kò bá sọ.

Àárọ̀ ni wọ́n ní kí á wá, nítorí pé ìgbà náà ni cortisol máa ń ga jù lọ, wọ́n sì kọ wákàtí tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sórí ìwé èsì. Èyí wù mí púpọ̀.

Èsì pẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n dá lọ, ibi ìjókòó sì há. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé èsì họ́mọ́ònù àti ti sẹ́ẹ̀lì wà lórí ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láìsí ọ̀rọ̀ kan tí ó so wọ́n pọ̀. Ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe.

Kí ẹni tí ó bá ń lọ kó gbogbo oògùn àti ìpara rẹ̀ dání, kí ó má sì ṣe dá sítẹ́rọ́ìdì dúró lójijì láìgba àṣẹ dókítà, nítorí ó ṣeé ṣe kí ara rẹ̀ ti dẹ́kun pípèsè cortisol tó.