Kíláàsì ọlidé ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Táíwò, Ìlọrin
Ọmọ mi obìnrin, SS2, ló ní iṣẹ́ gíráfíìkì lòun fẹ́ ṣe, ni mo bá fi í sí kíláàsì yìí. Pẹ́ńsù àti bébà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún wọn. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ẹ̀yìn náà ló fi CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yàwòrán, ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó. Búlúù tó ń dán yanran lójú kọ̀ǹpútà, ṣíṣú ló jáde lórí bébà, ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ọ̀gá ní ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, yíǹkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò. Ó tún ní kó fi mílímítà 3 kún etí, kí funfun má baà yọ tí wọ́n bá gé e.

Àléébù wọn ò ju pé ọmọ mẹ́ta ń pín kọ̀ǹpútà kan. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀hún ti ń dá owó iṣẹ́ lé mi báyìí o!