Traces of the Trade: ọmọ ilé oníṣòwò ẹrú gbé kámẹ́rà sí àárín ẹbí

Iṣẹ́ èdítì fídíò ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn. Ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìṣílé, ìwúyè: èyí tó bá délẹ̀ ni mò ń gé, tí mò ń lẹ̀ pọ̀. Nítorí náà, bí mo bá ń wo fíìmù, ohun tí mo máa ń ṣọ́ ni ibi tí wọ́n ti gé e, ẹni tí wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, àti ẹni tí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ojú yẹn náà ni mo fi wo Traces of the Trade, dọkumẹ́ńtárì ìṣẹ́jú 86 tí Katrina Browne ṣe nípa ìdílé tirẹ̀, ìdílé DeWolf ti ìlú Bristol ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, Amẹ́ríkà. Ọdún 2008 ló jáde. Àjọ̀dún fíìmù Sundance ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn, lẹ́yìn náà iléeṣẹ́ PBS gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹfà ọdún yẹn. Ó ti pẹ́ díẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi ti ń béèrè "dọkumẹ́ńtárì ilé wa" báyìí, fídíò àríyá nìkan ò tó wọn mọ́, fíìmù yìí sì ni mo máa ń ní kí wọ́n lọ wò ká tó dúnàádúrà.

Èèyàn ni ìdílé DeWolf ń tà. Láàárín 1769 sí 1820, ìran mẹ́ta nínú wọn kó ohun tó lé ní 10,000 ọmọ Áfíríkà kọjá òkun, kò sì sí ìdílé kankan ní Amẹ́ríkà tó ṣe òwò yẹn tó wọn. Ọtí rọ́ọ̀mù ni wọ́n ń kó lọ sí etíkun tó di Gánà lónìí, wọ́n á fi gba èèyàn. Wọ́n á kó àwọn èèyàn náà lọ sí Kúbà àti àwọn ìlú míì, wọ́n á ra omi ìrèké dúdú tí wọ́n ń pè ní mọ̀lásíìsì, wọ́n á gbé e padà sí Rhode Island, wọ́n á tún fi pọn rọ́ọ̀mù. Ilé ìpọntí jẹ́ tiwọn, báńkì jẹ́ tiwọn, iléeṣẹ́ adójútòfò jẹ́ tiwọn, oko ìrèké àti oko kọfí wà fún wọn ní Kúbà.

Kì í sì í ṣe pé òfin ò sí. Láti 1787 ni Rhode Island ti ka òwò náà léèwọ̀ fún àwọn ará ibẹ̀. Nígbà tó di 1804, Ààrẹ Jefferson fi Charles Collins, tó jẹ́ àna James DeWolf, ṣe ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ní Bristol, ìyẹn ẹni tó yẹ kó máa mú ọkọ̀ tó bá rú òfin. A ò ní láti rìn jìnnà ká tó lóye irú ètò bẹ́ẹ̀. James yìí kan náà ni wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn ní Newport ní 1791: obìnrin kan tí ṣọ̀pọ̀nná mú nínú ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ àga, wọ́n sì sọ ọ́ sínú òkun láàyè. Kò ṣẹ̀wọ̀n ọjọ́ kan lórí rẹ̀. Ní 1821 ó wọlé sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ní Washington.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé etí Browne ni ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ràn nínú fíìmù náà. Ìyá rẹ̀ àgbà, tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, kọ ìwé kékeré kan nípa ìtàn ẹbí fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó sì mẹ́nu ba òwò ẹrú níbẹ̀ gààrà bí ẹni ń kọjá lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ ìsìn ni Browne wà nígbà náà. Ohun tó sọ pé ó dun òun jù ni pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, òun kàn ti bò ó mọ́lẹ̀ ni. Mo dá fíìmù dúró síbẹ̀, mo padà sẹ́yìn, mo tún gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ti jókòó ti àwọn àgbà nínú agboolé á mọ irú ìmọ̀ tó ń sọ: ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ.

Ó wá kọ lẹ́tà sí bí igba nínú àwọn ìbátan rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ káwọn jọ tọ ipa ọ̀nà àwọn baba ńlá àwọn. Ọ̀pọ̀ ò dá a lóhùn. Mẹ́sàn-án ló bá a lọ. Ní 2001, àwọn mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ ní Bristol, wọ́n lọ sí Gánà, wọ́n sì parí rẹ̀ sí Kúbà.

Orin ọmọdé kan wà nínú rẹ̀ tí mi ò tíì gbàgbé. James DeWolf fi ọmọ Áfíríkà méjì, Adjua àti Pauledore, ta ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ Kérésìmesì. Àwọn ọmọ ìdílé náà wá ń fi orúkọ àwọn méjèèjì kọrin ìṣeré láti ìran dé ìran. Ọmọ Akan, ẹ̀yà kan ní Gánà, tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé ló ń jẹ́ Adjua. Ìyẹn ni pé ẹnì kan sọ ọ́ lórúkọ, ẹnì kan ka ọjọ́ tí wọ́n bí i, kó tó di ẹ̀bùn ọdún. Èmi ì bá lo orin yẹn púpọ̀ ju bí Browne ṣe lò ó lọ. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ni èdítì rẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ nínú ohùn Browne tó ń ṣàlàyé ni mo máa gé dànù, kí orin ọmọdé yẹn rí àyè.

Mo ti débi ẹ̀sùn mi nìyẹn. Browne ń ṣàlàyé jù. Ohùn rẹ̀ tutù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gún régé, ṣùgbọ́n nígbà míì ojú ẹni tó wà lórí sinimá ti sọ ohun tó fẹ́ sọ, òun á tún wá sọ ọ́. Àwọn oníbàárà mi náà fẹ́ràn irú èyí, wọ́n á ní kí n fi ohùn sórí gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwòrán mí díẹ̀!

Ibi tí fíìmù yìí ti ga jù ni ibi tí wọ́n jókòó yí tábìlì ká. Àwọn ọ̀mọ̀wé olóhùn jẹ́jẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn tí wọ́n tọ́ dàgbà pé ìjà kì í ṣẹlẹ̀ níwájú àlejò. Ọ̀rọ̀ kan àwọn ilé-ìwé tí wọ́n lọ. Ó wá hàn pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni kò lọ sí irú àwọn yunifásítì ńlá bíi Harvard. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn. Ẹnikẹ́ni ò pariwo, kò sì sí orin arò lábẹ́ rẹ̀ tó ń sọ fún wa pé ká káàánú. Màmá mi jókòó tì mí nígbà tí mò ń wò ó, mò ń túmọ̀ fún wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ti dá owó náà padà?" Mo ní rárá o, wọ́n ṣì ń jíròrò ni. Wọ́n ní, "Háà, àwọn olówó mà lè jíròrò o." Kí n má parọ́, àwọn ará inú fíìmù náà bi ara wọn ní ìbéèrè yẹn, wọ́n sì jà lé e lórí lọ́nà tiwọn. Wọn ò fẹnu kò.

Juanita Brown, obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tó wà lára àwọn tó jọ gbé iṣẹ́ náà jáde, ni mo rí bí òpó fíìmù yìí. Browne ò fi í pamọ́ sẹ́yìn kámẹ́rà, ó jẹ́ kó jókòó láàárín ẹbí, kó sì bá wọn sọ ọ́ bó ṣe rí lára rẹ̀, láì fi oyin sí i. Bí kò bá sí i níbẹ̀, àwọn mẹ́wàá yẹn ì bá kàn máa tu ara wọn nínú. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ni mo gbà níbẹ̀: ẹni tí ń ṣe fíìmù nípa ilé tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan nínú yàrá tí kì í ṣe ọmọ ilé, tí kò sì ní bẹ̀rù àti bínú.

Mo ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹni yẹn ò bá sí. Ẹbí kan gbé iṣẹ́ wá fún mi, ilé jagunjagun àtijọ́ ni wọ́n. Àgbàlagbà kan ń sọ bí agboolé ṣe gbòòrò, ó dé orí àwọn tí wọ́n kó bọ̀ láti ogun, tí wọ́n fi roko, tí wọ́n fi jagun, tí wọ́n fi ṣaya. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ní, "Pa ẹ̀rọ yẹn." Mo pa á. Wọ́n ní kí n gé e kúrò, pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wà nínú ilé, pé ọmọ wọn lè fẹ́ du oyè lọ́la, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní arọ́ta. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ìtàn Ìbàdàn kún fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹfúnṣetán Aníwúrà Ìyálóde fúnra rẹ̀ ní ẹrú rẹpẹtẹ lóko. Àmọ́ ìbátan Browne tí kò dá lẹ́tà lóhùn kò ní oyè kankan tó lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìtìjú ni kò jẹ́ kó wá. Ní tiwa, ẹni tó ta èèyàn, ẹni tí wọ́n rà, àti ẹni tí wọ́n fẹ́ sílé lè jọ wà nínú fọ́tò ẹbí kan ṣoṣo. Iṣẹ́ náà le ju ti Browne lọ.

Ní Gánà, wọ́n wọ àjàalẹ̀ odi Cape Coast àti Elmina. Àwọn Potogí kọ́ Elmina ní 1482, òrùlé ṣì ń bẹ lórí rẹ̀. Wọ́n wọ inú òkùnkùn, wọ́n dákẹ́, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn. Ó dáa. Ohun tí mi ò fẹ́ ni pé àwọn ará Gánà fúnra wọn kọjá lójú wa bí èrò ọjà. A rí wọn, a gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́nu wọn, a sì tún padà sọ́dọ̀ àwọn DeWolf. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà tó ta èèyàn sí wọn lọ́wọ́ náà kúrú lójú mi.

Kúbà ló já mi kulẹ̀ jù, bóyá torí pé Yorùbá ni mí. George DeWolf jẹ gbèsè ní 1825, ó kó ìyàwó àti ọmọ lóru, ó sá lọ sí oko wọn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ará Bristol sì bá a jẹ gbèsè náà láìmọwọ́-mẹsẹ̀. Irú ìtàn yẹn tó fíìmù kan lọ́tọ̀. Mo tún retí kí wọ́n pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀, wọn ò pẹ́ tó bí mo ṣe fẹ́. Mi ò dá wọn lẹ́bi pé wọn ò sọ̀rọ̀ àwọn Lukumí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Kúbà: lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, nígbà tí ọkọ̀ àwọn DeWolf ti kógbá sílé, ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn wa lọ síbẹ̀.

Apá ìparí jẹ́ ti ìjọ. Ìjọ Episcopal, àwọn Áńgílíkà Amẹ́ríkà, tọrọ àforíjì ní ìpàdé gbogboogbò wọn ní 2006 nítorí ipa tí wọ́n kó nínú ìmúnilẹ́rú, àwọn kan nínú ẹbí yìí sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ fún un. Ó ṣe pàtàkì o, ṣùgbọ́n ìpàdé ni ìpàdé ń jẹ́ lójú kámẹ́rà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago.

Àwòrán rẹ̀ ò mọ́ bíi ti kámẹ́rà òde òní, fídíò 2001 ni. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn lé yín sá, ohùn rẹ̀ dún kedere. Bí mo bá máa fún un ní ìràwọ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún: ọ̀kan tó kù bá Kúbà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ya fíìmù ilé rẹ̀ ni kó rà á. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn òwò ẹrú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó lọ ka ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ fi han ọ̀dọ́ ìjọ yín, ẹ dá a dúró lẹ́yìn Gánà, kí wọ́n sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan kí ẹ tó tàn án padà. Ẹ sì wá ẹni tó lè túmọ̀ fún àwọn àgbà, torí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, àwọn àgbà sì ni ìbéèrè wọn máa ń gbóná jù.