Sálẹ́ńsà jó mi lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ mo sanwó: ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra máṣíìnì àlòkù

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá máṣíìnì àlòkù rà ní Ìbàdàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ mi yìí. ₦650,000 ni mo kà lé ọkùnrin kan lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá nítorí ọ̀kadà Boxer kan tó ń dán gbinrin. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí mo fi di ẹni tó ń ti máṣíìnì gun òkè lọ́nà Ìṣẹ́yìn nínú aṣọ iṣẹ́, tí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ sì ń kí mi pé, "Ẹ kú làálàá, sà."

Ọkùnrin náà ní ará Surulere ló ni ín, pé láti ìgbà tí ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà lọ́dún 2022 ni wọ́n ti gbé e pamọ́. Òfin yẹn kì í ṣe irọ́, gbogbo wa la gbọ́ ọ, ohun tó jẹ́ kí n gba ìyókù gbọ́ nìyẹn. Ó ní ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án láti àná. Ó ta kíìkì lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnì dáhùn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti wo nọ́ńbà rẹ̀, sálẹ́ńsà jó mi lójúgun. Ẹ gbọ́ o: ohun tí kò ṣiṣẹ́ láti àná ló jó mi, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì kò sì bèèrè ibi tí ooru ti wá. Àṣé ó ti tan án kí n tó dé, torí ẹ́ńjìnì tó ti jẹ kì í fẹ́ tètè dáhùn bó bá tutù. Ó fún mi ní omi inú ọ̀rá kí n dà á sí i, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Àwọn kan á ní mo gọ̀. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo gùn ún yí àdúgbò ká, èéfín kankan kò jáde. Ọ́ìlì tó ki bí oyin ló ti rọ sínú rẹ̀ kí ó lè dí àlàfo ríìngì, irin róbótó tó yí písítìnì ká nínú ẹ́ńjìnì, fún ọjọ́ mélòó kan. Ta ni í tú ọ́ìlì wò létí títì?

Lọ́jọ́ karùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bí mo bá yí ọwọ́ rẹ̀ pé kó sáré, ariwo nìkan ló ń pọ̀. Wọ́n ní kabúrétọ̀ ni, mo ra òmíràn ní ₦18,000. Wọ́n ní púlọ́ọ̀gì ni, mo pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èéfín wá yọ, kì í ṣe dúdú tí epo àpọ̀jù ń fà, ó ní àwọ̀ aró. Mẹkáníìkì àgbà kan ló yọ púlọ́ọ̀gì tuntun náà, ọ́ìlì ti rin ín gbingbin. Ó dá a padà, ó fọwọ́ tẹ kíìkì, ó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Ó yọ púlọ́ọ̀gì, ó ro ọ́ìlì bí ìdérí ìgò kan sínú ihò rẹ̀, ó dá púlọ́ọ̀gì padà, ó tún tẹ kíìkì, ó le. Ó ní, "Tíṣà, ríìngì ti jẹ tán. Kabúrétọ̀ tí ẹ sọ nù yẹn ò ṣẹ̀ yín."

Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọjà tí ẹ fojú ara yín wò kí ẹ tó sanwó ni." Ojú ara mi! Ọ̀dájú ni, olè ni. Láti ọjọ́ náà, mi ò gba ọlọ́jà kankan gbọ́ mọ́. Lánàá ni mo ti ọwọ́ bọ kóńgò ìyá tó ń ta gààrí fún wa láti ọdún mẹ́jọ, kí n mọ̀ bóyá ó fi nǹkan dí ìdí rẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn.

Ẹ tètè dé ju àkókò àdéhùn lọ, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì; bó bá gbóná, ẹ dúró kó tutù tàbí kí ẹ máa lọ. Mẹkáníìkì tiyín ni kí ẹ mú lọ, ẹ má lo ti ẹni tó ń tà á. Kí ó yọ púlọ́ọ̀gì: bó bá gbẹ, tí ó pọ́n bí èèpo ẹ̀pà, ó dára; bí ọ́ìlì bá wà lára rẹ̀, ẹ sá.

Láàárọ̀ òní, mo wà nínú kórópe nígbà tí a gba iwájú ọkùnrin tó ta máṣíìnì fún mi kọjá. Máṣíìnì pupa kan ló wà níbẹ̀, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, kò sì sí oníbàárà kankan nítòsí. Ọkùnrin náà rí mi, ó juwọ́ sí mi.