Àgbéyẹ̀wò ẹ̀rọ onígò méjì tó ń ta súìtì, ní àsìkò tí súìtì wọ́n ní Ìkòròdú

Irú ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń gbé sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà lókè òkun ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, tí ọmọdé yóò ki owó ẹyọ bọ̀, tí yóò yí irin ọwọ́ rẹ̀, tí súìtì yóò sì já bọ́ sí ihò ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi í ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà, mo sì gbé e sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Sábọ, ní Ìkòròdú, níbi tí àwọn ọmọ tó ń dúró de ìgẹ̀run ti máa ń wá ohun tí wọn yóò fi panu. Ẹ̀rọ náà dára. Kò lo iná mànàmáná rárá, irin rẹ̀ le, àgádágodo rẹ̀ kò sì tíì kọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rà á lónìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tí yóò máa rọ sínú ìgò ni ìnáwó gidi, nítorí súìtì ti wọ́n kọjá bó ṣe yẹ.

Owó ẹyọ sẹ́ǹtì 25 ti Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe ihò ìkówósí rẹ̀ fún. Lọ́hùn-ún, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀wọ́n súìtì ti ń ni àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yìí ṣòwò lára, nítorí wọn kò lè sọ sẹ́ǹtì 25 di 30; àfi kí wọ́n pààrọ̀ irin ìkówósí sí èyí tó ń gba ẹyọ méjì, kí iye tí oníbàárà ń san sì di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní tiwa, owó ẹyọ tí ìjọba tún ṣe ní ọdún 2007 kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, nítorí náà tókìn, irin roboto pẹlẹbẹ tó dúró fún owó, tó tóbi tó sẹ́ǹtì 25 ni mò ń lò, onígbàjámọ̀ sì ń bá mi tà á ní ₦200. Bí mo bá fẹ́ yí iye rẹ̀ padà lọ́la, n kò ní fọwọ́ kan irin kankan. Lójú tèmi, èyí ló jẹ́ kí ẹ̀rọ yìí bá ilẹ̀ wa mu ju bó ṣe bá ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é mu lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò èrè rẹ̀. Ṣingọ́ọ̀mù roboto tó fẹ̀ tó íǹṣì kan, èyí tí mò ń rọ sínú ìgò kìíní, máa ń pé 850 nínú páálí kan. Bí páálí bá jẹ́ ₦68,000, ẹyọ kan di ₦80. Nínú ₦200 tí ọmọ san, ₦50 ni ti onígbàjámọ̀, ₦70 ló kù fún mi. Bí páálí náà bá wá di ₦102,000, ẹyọ kan ti di ₦120, èrè mi sì já sí ₦30. Ìdajì péré ni owó páálí fi lé, ṣùgbọ́n èrè mi ti dín ju ìdajì lọ, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì yọ owó ọkọ̀ láti ọjà Òkè-Àrín ní Èkó kúrò nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń ta páálí kọ́ ló fa ọ̀wọ́n yìí. Kí wọ́n tó fi náírà sílẹ̀ fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan; kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,400. Ṣúgà tí wọ́n ń fọ̀ nílé níbí, ilẹ̀ Bràsíìlì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Kòkó náà kọjá $10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan ní oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí ìkórè Ghana àti Côte d'Ivoire kò dára, ni mo bá yọ súìtì oníṣokoléètì kúrò pátápátá. Oòrùn kì í kúkú jẹ́ kó pẹ́ nínú ìgò.

Ìgò kejì ló ń gbé òwò náà ró. Àwo oníhò tó ń yí lábẹ́ rẹ̀ ní irin pẹlẹbẹ kan tí a lè fi dín ihò náà kù tàbí ká fi fẹ̀ ẹ́, nítorí náà súìtì wẹ́wẹ́ tó ní èèpo líle ni mò ń rọ sí i. Nígbà tí páálí tún lé owó, mo fi tókìn sílẹ̀ ní ₦200, mo sì dín ihò kù. Ọmọkùnrin kan tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ka súìtì inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì yíjú sí onígbàjámọ̀: “Bùọ̀dá, ti ìjelòó jù báyìí lọ o!” Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ iye ẹyọ tí tókìn kan yóò mú wá sára ìgò, nítorí kò tọ́ kí a fi ohun tí ó dín pamọ́ fún ọmọdé tó sanwó. Irú ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe fún wa lọ́jà: ọ̀rá kan náà, àwòrán kan náà, súìtì inú rẹ̀ ti dín. Ìwọ̀n ara ọ̀rá ni kí ẹ máa wò, ẹ má wo bó ṣe tóbi tó.

Ní àsìkò òjò, súìtì máa ń lẹ̀ mọ́ra, ó sì ń dí àwo náà. Ẹ máa ṣí ìgò, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú rẹ̀.

Mo lè ní kí ẹni tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ibi tó dá lójú ra ẹ̀rọ yìí. Ẹni tí yóò gbára lé ṣingọ́ọ̀mù òkè òkun nìkan, kó má rà á. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá àwo tó ṣeé dín tó sì ṣeé fẹ̀ wà nínú ẹrù náà, nítorí àwo ti ṣingọ́ọ̀mù, ẹyọ kan ṣoṣo ló lè mú wá, bó ti wù kí ọjà wọ́n tó.