Túùbù tó jẹ́ kí lẹ́ńsì mi rí fọ́nrán òwú

Màmá kan gbé aṣọ ipo wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbbà, aṣọ pupa ilẹ̀ Bùnú tí wọ́n fi ń sin àwọn olóyè. Ẹbí wọn àgbà kan ló hun ún. "Fótò, gbogbo aṣọ kọ́ ni mo fẹ́ o. Bí òwú yìí ṣe gba inú ara wọn ni kí o yà fún mi."

Mo gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọn. Lẹ́ńsì ń yí síwá, ó ń yí sẹ́yìn, kò mú nǹkan kan. Canon 50mm f/1.8 STM ni mo ń lò, kì í mú ohun tó bá sún mọ́ ọn ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ, láti ojú sẹ́ńsọ̀, ibi tí àwòrán ń bọ́ sí nínú kámẹ́rà, ni wọ́n sì ti ń wọ̀n ọ́n.

Bí nǹkan bá ṣe ń sún mọ́ lẹ́ńsì ni lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ máa jìnnà sí sẹ́ńsọ̀ kí àwòrán tó mọ́. Ibi tó lè yọ dé, ibẹ̀ ló ń pin sí. Extension tube ló ń fi kún un: òrùka oníhò tí kò ní gíláàsì kankan, tí a ń ki sí àárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì. Tèmi jẹ́ mẹ́ta: mìlímítà 13, 21 àti 31. Bí mo bá lo túùbù 31 lórí lẹ́ńsì 50mm yìí, ohun tó jẹ́ mìlímítà 10 á gba bíi 6 lójú sẹ́ńsọ̀. Bí mo bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, á tóbi ju bó ṣe wà lọ.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà kò ní irin tó ń gbé iná dé inú lẹ́ńsì. Ó dùn mí. Láìsí iná náà, kámẹ́rà kò lè dín ojú lẹ́ńsì kù, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, fọ́nrán kan ṣoṣo ló mọ́, ìyókù rí bàìbàì. Kí n tó lè dín ojú náà kù, àfi kí n fi f/8, ìyẹn ojú kékeré, sí i nígbà tí kò tíì sí túùbù, kí n tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń yẹ bí ibi tó mọ́ nínú àwòrán ṣe jìn tó wò, kí n sì yọ lẹ́ńsì láìtú ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó kún un, ẹ ra èyí tó ní irin. Òun ni mo padà rà, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ó ní wàhálà tirẹ̀ náà. Ní f/8 pẹ̀lú túùbù 31, ibi tó ń mọ́ kò ju bíi mìlímítà kan sí méjì lọ, nítorí náà mo tẹ́ aṣọ náà pẹrẹsẹ, mo gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ń sún un síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ dípò kí n máa yí lẹ́ńsì. Túùbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ń jẹ ìmọ́lẹ̀ gan-an, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ń kù.

Màmá náà wo àwòrán náà títí. Wọ́n fi ìka kan ibi tí òwú kan ti ní kókó. "Ibí ni òwú ti já mọ́ wọn lọ́wọ́."

Ẹ máa yọ túùbù kí ẹ tó lọ síbi àríyá o. Bí túùbù 31 bá wà lórí kámẹ́rà, lẹ́ńsì yìí kò ní rí èèyàn tó dúró ní ìṣísẹ̀ méjì sí i.