Ẹ̀rọ RO fún omi iléeṣẹ́ irin: ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bójú tó epo kí ẹ tó rà á

Ẹ̀ka omi ni mo wà nínú iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi rólà tẹ irin gbígbóná. Bí ẹnu nọ́sù kan péré tó ń fọ́n omi sára irin bá dí, irin á jáde pẹ̀lú àbàwọ́n lójú, èmi ni wọ́n á sì kọ́kọ́ pè. Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni UF (asẹ́ tó ń dá ìdọ̀tí dúró) àti RO (èyí tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi) alápapọ̀ tí wọ́n gbé wá fún wa, kí omi tí à ń dà nù láti cooling tower, ilé gíga tí omi gbígbóná ti ń tutù, lè ṣeé tún lò.

Omi ńlá ni irin ń lò. Worldsteel, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ irin lágbàáyé, ti ṣírò rẹ̀ pé iléeṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti orí òkúta irin ń fa nǹkan bíi lítà 28,600 wọlé lórí tọ́ọ̀nù irin kan, tí 25,300 sì ń jáde padà. Ṣùgbọ́n iyọ̀ gan-an ló ń dà wá láàmú. Gbogbo ìgbà tí omi bá gba cooling tower kọjá, díẹ̀ nínú rẹ̀ á di oru, iyọ̀ á ṣẹ́kù. Bó ṣe ń yí po bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ ń ki sí i, títí tí yóò fi máa jẹ páìpù. Dandan ni kéèyàn da díẹ̀ nù, kó bu omi tuntun sí i. Torí omi àdànù yẹn ni wọ́n ṣe ra RO.

Lórí èyí, ẹ̀rọ náà gba máàkì lọ́wọ́ mi. UF ló ń ṣáájú. Ihò ara rẹ̀ kéré débi pé bakitéríà kì í rí ọ̀nà gbà. Lẹ́yìn náà ni pọ́ǹpù á wá fi agbára ti omi wọnú RO, níbi tí iyọ̀ ti ń dúró sẹ́yìn. Mítà tí mo ń kà láràárọ̀ máa ń fi nǹkan bíi 2,800 microsiemens (bó bá ṣe pọ̀ tó ni iyọ̀ ṣe pọ̀ tó) hàn lẹ́nu àbáwọlé, á sì fi 60 hàn níbi tí omi ti ń jáde. Èyí mọ́ ju omi tí à ń fà láti ìta lọ.

Epo ni ọ̀tá rẹ̀. Omi tó bọ́ lára irin gbígbóná ń gbé èépá irin dúdú, epo hydraulic àti gíríìsì lọ sínú kòtò. Èépá tó wúwo á rì, epo á léfòó, bẹ́líìtì kan tó ń yí láìdúró á sì máa gbé epo náà kúrò lójú omi. Kò sí kọ̀ǹpútà lára bẹ́líìtì yìí, àlejò kì í sì í ya fọ́tò rẹ̀, síbẹ̀ òun ló ń gba RO là. Bó bá dúró lóru tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, pọ́ǹpù á lu epo pọ̀ mọ́ omi, epo á gba inú asẹ́ oníyanrìn kọjá, á lọ lẹ̀ mọ́ membrane, awọ tín-ínrín tó ń sẹ́ omi. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀kan wò. Ojú tó yẹ kó funfun ti pupa rúsúrúsú. Mo fi ìka nù ún, ó ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Àwọn tó tà á fún wa ní ásíìdì ni ká kọ́kọ́ fi fọ̀ ọ́. Ẹnjiníà wa kọ̀ jálẹ̀, ó sì tọ̀nà. Bí epo bá wà níbẹ̀, alkaline, kẹ́míkà tó lòdì sí ásíìdì, ló yẹ kó ṣáájú, kí citric acid tó tẹ̀ lé e fún ìpẹtà. Ásíìdì tó bá ṣáájú lè mú kí epo náà le mọ́ membrane. Ìwé ìpolówó wọn sì sọ pé torí omi iléeṣẹ́ irin ni wọ́n dìídì ṣe é. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ẹjọ́ mi kejì ni chlorine. À ń fi sínú cooling tower nítorí Legionella, bakitéríà tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, bẹ́ẹ̀ sì ni membrane RO kò lè fara dà á. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ bisulphite la fi ń pa chlorine náà kí omi tó débẹ̀. Mítà ORP, tó ń ṣọ́ bóyá chlorine ṣì kù nínú omi, wà lára ẹ̀rọ náà lóòótọ́, àmọ́ agogo nìkan ló ń lù, kì í pa pọ́ǹpù. Fúnra wa la so ó pọ̀ mọ́ pọ́ǹpù.

Wọ́n tún ní ẹ̀kán omi kan ò ní ṣòfò. Irọ́ ni. Nínú lítà 100 tó bá wọlé, nǹkan bíi 75 ló ń jáde ní mímọ́, omi iyọ̀ ni ìyókù. Àwa ń bù ú sórí slag gbígbóná, ìdàrọ́ tó ń jáde láti iléru, láti fi mú un tutù. Iléeṣẹ́ tí kò ní iléru, tó jẹ́ rólà nìkan ló ní, níbo ni yóò dà á sí?

Omi coke oven, ààrò tí wọ́n ti ń fi èédú ṣe coke fún iléru, ò bá ẹ̀rọ yìí mu ní tààrà: phenol, cyanide àti ammonia inú rẹ̀ ń fẹ́ kí bakitéríà kọ́kọ́ jẹ wọ́n. Ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ irin náà ní ẹ̀rọ tirẹ̀, tó ń sun ún kó lè gba hydrochloric acid padà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún fún ẹ̀rọ, méjì fún àwọn tó tà á, márùn-ún pé fún bẹ́líìtì. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ìwọ̀n epo mélòó ni membrane lè gbà kí gàráńtì tó bàjẹ́, kí wọ́n sì wá wọn epo inú omi yín fúnra wọn kí ẹ tó buwọ́ lù ú.