Iyanrìn tàbí omi: èwo ló dára fún irin tó ń yọ̀?
Ewé tí ọkọ̀ ojú irin bá tẹ̀ mọ́ orí irin máa ń di èérí dúdú tó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Iyanrìn yá jù: afẹ́fẹ́ á fẹ́ ẹ gba inú páìpù sí iwájú ẹsẹ̀ ọkọ̀ gan-an, ẹsẹ̀ á sì di irin mú. Ṣùgbọ́n ó ń ha irin. Bó bá tún pọ̀ jù, iná mànàmáná tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ wà níbẹ̀ kò ní ráyè kọjá; ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Omi alágbára, tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń bó èérí náà kúrò, àmọ́ ọkọ̀ ọ̀tọ̀ ló ń gbé e, ewé tuntun sì lè já kí ó tó padà dé. Fún bírékì òjijì, iyanrìn ni tèmi.